Họ́ọ̀nù méjì àti bátìrì kan: àyẹ̀wò ẹ̀rọ ìwàásù ìta gbangba fún ìgbà òjò

Kí a má fọ̀rọ̀ gùn: bí ìjọ bá ń múra ìwàásù ìta gbangba ní abúlé tí kò ní iná, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò lè dé nígbàkigbà, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé ni họ́ọ̀nù méjì (ìyẹn sípíkà ẹlẹ́nu fífẹ̀ bíi ti kàkàkí), áńpílífáyà kékeré tó ń lo bátìrì 12V, àti ojúlówó bátìrì kan. Àpótí sípíkà gàgàrà tí wọ́n ń tò léra títí yóò fi ga ju oníwàásù lọ lè dúró ná. Sípíkà onítáyà tí iná aláwọ̀ mèje ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ náà lè dúró. A ó sọ ìdí rẹ̀, a ó sì sọ ibi tí họ́ọ̀nù ti kù díẹ̀ káàtó, nítorí ó ní àléébù tirẹ̀.

Ohun tí à ń yẹ̀ wò nìyí, bí wọ́n ṣe ń tà á ní ọjà Alaba ní Òjó: họ́ọ̀nù alumíníọ̀mù méjì, yúníìtì méjì, ìyẹn orí tó ń dún tí wọ́n máa ń lọ́ mọ́ ìdí họ́ọ̀nù, 16 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná) lọ́kọ̀ọ̀kan, áńpílífáyà 60W tó gba iná ilé, tó sì gba bátìrì, máìkì oníwáyà kan, àti wáyà sípíkà. Orúkọ tí oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí mọ̀ dáadáa nínú irú ẹ̀rọ yìí ni Ahuja, ilé iṣẹ́ ará Íńdíà. Àwọn tó ti Ṣáínà wá pọ̀ lórí àtẹ, wọ́n sì dínwó. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, irú ẹ̀rọ náà ni, torí ìwúlò àti àléébù wọn jọra.

Kí ọ̀rọ̀ dé etí kó sì yé ènìyàn ni iṣẹ́ tí à ń wá ẹ̀rọ fún. Apá tó gbé ọ̀rọ̀ dání nínú ohùn ènìyàn wà láàárín nǹkan bíi 300 Hz sí 4,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ibẹ̀ gan-an sì ni họ́ọ̀nù ti lágbára jù. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí họ́ọ̀nù ṣe ń gé ìsàlẹ̀ ohùn kúrò, àmì ohùn Yorùbá á dàrú lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹlifóònù náà ń gé ohun tó wà lábẹ́ 300 Hz kúrò láti ayébáyé, síbẹ̀ à ń bára wa sọ Yorùbá lórí rẹ̀ láìsí wàhálà.

Ẹ wá wo agbára rẹ̀. Bí ẹ bá fi 1W péré sí họ́ọ̀nù, tí ẹ sì dúró sí mítà kan síwájú rẹ̀, ohùn tí yóò jáde máa ń tó 105 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí sípíkà lásán tí ẹ fi 1W kan náà sí á wà ní nǹkan bíi 95 dB. Ìyàtọ̀ 10 dB yẹn kì í ṣe kékeré: agbára ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ibi tí 60W bá gbé ọ̀rọ̀ dé lórí họ́ọ̀nù, àpótí yóò fẹ́ 600W kó tó gbé e dé ibẹ̀. 600W túmọ̀ sí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì túmọ̀ sí epo bẹntiróòlù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo ìgbìmọ̀ ìhìnrere ló mọ ohun tí alẹ́ mẹ́ta ń jẹ lápò.

Ní ti bó ṣe ń lọ jìnnà: bí àyè bá ti di ìlọ́po méjì, 6 dB ni ohùn ń pàdánù. Họ́ọ̀nù tó gba 30W á dé nǹkan bíi 120 dB ní mítà kan níbi tí ohùn bá ga jù, á ku nǹkan bíi 80 dB ní 100 mítà, 74 dB ní 200 mítà, bí ilẹ̀ bá tẹ́jú tí igbó kò dí i. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní mítà kan kì í ju 60 dB lọ. Ìyẹn ni pé ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí kò ní í wá sójú agbo láéláé, á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ibi tó wà. (Ẹni tó bá sì ní ìwàásù kò lè ṣeé ṣe láìsí àpótí ńlá, kó rántí ìsọjí Òkè-Òòyè ní Iléṣà lọ́dún 1930. Agogo ọwọ́ ni wọ́n mọ̀ mọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì tó darí rẹ̀.)

Orin ni àbùkù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ akọrin tó kọrin gba inú họ́ọ̀nù á máa dún bí ẹni wà nínú agolo, gìtá béèsì kò sì ní í jáde rárá. Èyí tó tún burú ju àìdùn lọ ni pé béèsì ló ń pa yúníìtì. Awọ pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀ kò lè mì gbòòrò. Bí ohùn ìlù ńlá tàbí kíbọ́ọ̀dù bá wọlé tagbáratagbára, awọ náà á ya, tàbí kí wáyà tín-ín-rín tó yí i ká já. Nítorí náà, ẹ yí bọ́tìnnì béèsì wá sílẹ̀ pátápátá kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún onílù pé kò sí wáyà tirẹ̀. Gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kò nílò ẹ̀rọ ní gbangba. Ẹni tó ń lé orin nìkan ni kó di máìkì mú. Ìjọ tí orin jẹ́ olórí ètò rẹ̀ kò ní í gbádùn ẹ̀rọ yìí, a kò ní í tan yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹ̀rọ tuntun jẹ́ lọ́jọ́ kìíní ni ìdí áńpílífáyà, níbi tí wọ́n kọ 4, 8, 16 àti 100V sí. Họ́ọ̀nù 16 ohm méjì tí ẹ so pọ̀, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ti di 8 ohm, ẹnu 8 ni kí ẹ so ó mọ́. Mẹ́rin á di 4 ohm, ẹnu 4 ni tirẹ̀. Bí ẹ bá so mẹ́rin mọ́ ẹnu 16, áńpílífáyà á máa gbóná, ohùn á máa fọ́, fíúsì á sì já bí orí bá bá yín ṣe é; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tíránsítọ̀ ló máa jó. Bí ẹ bá ṣi pupa àti dúdú so lára ọ̀kan nínú àwọn họ́ọ̀nù náà, kò sóhun tó máa jó, àmọ́ àwọn tó wà láàárín agbo á máa gbọ́ ohùn tó ṣófo, tí kò ṣe é gbá mú. Púpọ̀ nínú ẹ̀sùn pé họ́ọ̀nù kò dára kò ju èyí lọ. Ẹnu 100V wà fún ibi tí họ́ọ̀nù ti jìnnà sí áńpílífáyà gan-an, ó sì fẹ́ kí họ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní tíránsífọ́mà tirẹ̀. Àròpọ̀ wáàtì tí ẹ bá yàn lórí àwọn tíránsífọ́mà náà kò gbọdọ̀ ju wáàtì áńpílífáyà lọ.

Wáyà tó ń bá ẹ̀rọ yìí wá ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ sígbó. Pupa-dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kì í sábà ju 0.5mm lọ. Ní 30 mítà, iná á lọ 30 á tún bọ̀ 30, wáyà fúnra rẹ̀ á sì ní nǹkan bíi 2.2 ohm. Lórí họ́ọ̀nù méjì tó ti di 8 ohm, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún agbára yín lọ tí wáyà ń jẹ, tó sì ń sọ di ooru lásán. Wáyà 1.5mm á jẹ ìdá kan nínú méjìlá péré. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ara kọ́pà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn ni, ó máa ń jẹ agbára ju kọ́pà gidi lọ, ó sì máa ń ṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ká a.

Bátìrì ló mú kí gbogbo ètò yìí tọ́. Bí áńpílífáyà 60W bá ń ké débi tó lágbára mọ, ó lè fa nǹkan bíi 8A (A ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Ṣùgbọ́n oníwàásù máa ń mí, ògbufọ̀ máa ń dúró dè é, nítorí náà ìwọ̀n tó ń fà bí a bá pín in dọ́gba kì í ju 3A sí 4A lọ. Bátìrì 75Ah (ìyẹn èyí tó lè fúnni ní 1A fún wákàtí 75) tí ẹ lò dé ìdajì péré á fún yín ní bíi wákàtí mẹ́sàn-án, ìyẹn alẹ́ mẹ́ta ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má ṣe fà á kọjá ìdajì. Bí bátìrì bá ti sinmi, tí mítà tí a fi ń wọn iná sì ka 12.2V, ó tó. 12.6V tàbí 12.7V ni èyí tó kún. Bátìrì ọkọ̀ lè ṣe é, àmọ́ kí ọkọ̀ lè sítáàtì ni wọ́n ṣe é fún, fífà á díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí pípẹ́ á tètè pa á. Èyí tí wọ́n ń tà fún ínfátà àti sólà ló yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe so áńpílífáyà mọ́ bátìrì ọkọ̀ tó gbé yín wá, àfi bí ẹ bá fẹ́ sun abúlé náà mọ́jú.

Páńẹ́lì sólà 100W á dá bíi 25Ah padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú fún wákàtí márùn-ún. Ní oṣù keje tí ojú ọjọ́ ń ṣú láti àárọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdajì ìyẹn. Ẹ fi fíúsì 10A sójú wáyà pupa, kó sún mọ́ orí bátìrì, torí ẹni tó bá ṣi pupa so mọ́ dúdú nínú òkùnkùn, fíúsì yẹn nìkan ló máa gbà á sílẹ̀. Ẹ fi jẹ́lì fásílíìnì ra orí bátìrì kó má baà dípẹtà.

Ìdí mìíràn wà tí a fi yan bátìrì, òun ló sì ká wa lára jù. Ní ìgbà òjò, ilẹ̀ tútù, oníwàásù ti bọ́ bàtà sílẹ̀ nítorí ẹrẹ̀, ó sì di máìkì onírin mú. Bí áńpílífáyà bá ń jẹ iná 220V láti ara jẹnẹrétọ̀ tí kò ní wáyà ilẹ̀, tí iná sì fara kan ara rẹ̀ nínú, máìkì yẹn lè gbé iná dé ọwọ́ rẹ̀. 12V kò lè ṣe irú rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ lọ o. Ẹ gbé e lọ fún gílóòbù. Gílóòbù LED 50W mẹ́rin kò ju 200W lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" á gbé e láìmikàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ epo tí a po ọ́ìlì mọ́, 50 sí 1: lítà mẹ́rin bẹntiróòlù, mìlílítà 80 ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, á máa kú láàárín ìpè ìyípadà. Bí kò bá tó, písítìnnì á gan. Ẹ kọ́kọ́ tan án kó rọlẹ̀ kí ẹ tó so gílóòbù mọ́ ọn. Gbé e sí 30 mítà ó kéré tán, sí ibi tí afẹ́fẹ́ á ti gbé èéfín rẹ̀ lọ kúrò lọ́dọ̀ èrò, má sì ṣe gbé e sínú yàrá tàbí sábẹ́ kánópì nítorí òjò, torí èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó le. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó bu epo sí i. Gílóòbù náà kò gbọdọ̀ wà lórí oníwàásù: lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, èsúnsún á bò ó mọ́lẹ̀, yóò sì máa gbé wọn mì pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ẹ gbé gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ jíjìn, kí ẹ fi èyí tó pupa rúsúrúsú sójú pẹpẹ.

Òpó: ọparun tó ga tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin tó, kí ẹ fi okùn mẹ́ta fà á sí èèkàn. Ẹnu họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ dorí kodò díẹ̀. Bí ó bá kọjú sókè, omi òjò á gbá jọ nínú rẹ̀, á ṣàn lọ bá yúníìtì, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì yà síra bíi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì, torí họ́ọ̀nù kì í gbohùn fẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í gbọ́ dáadáa. Kí wọ́n wà níwájú oníwàásù, kí máìkì wà lẹ́yìn wọn. Máìkì tó bá ti yọjú síwájú họ́ọ̀nù, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ní ìlú olókè bí Ìdànrè, ẹ má kọjú họ́ọ̀nù sí òkúta: òkúta tó wà ní 170 mítà á dá gbólóhùn padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, oníwàásù á sì máa bá ara rẹ̀ jiyàn. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú, kí ẹ sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe ìrun. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tí ẹ ti gba àyè ni ẹ ó ti bèèrè ibi tí ẹ lè ri òpó yín sí.

Òjò díẹ̀ kò ní kí ètò dúró. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú ibi tí wáyà ti pàdé, kí ẹ sì gbé áńpílífáyà sórí àga lábẹ́ agbòjò ńlá. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá wé áńpílífáyà tó ń ṣiṣẹ́, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Ààrá ni kí ẹ bẹ̀rù. Òpó yín pẹ̀lú họ́ọ̀nù alumíníọ̀mù lórí rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ga jù ní gbogbo pápá yẹn. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ààrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ètò ti parí fúngbà díẹ̀, kí gbogbo ènìyàn wọ ilé tàbí ọkọ̀, kí ó sì tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó padà. Ní agbègbè etí òkun Ìlàjẹ, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ bóòtù àti ẹnu wáyà. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi tó mọ́ nù wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Kánópì ńkọ́? Ní ìgbà òjò àkọ́rọ̀ tí ìjì ń ṣáájú òjò, owó kánópì ni a kì í fẹ́ kí ìjọ kékeré ná. Lọ́dún 1984, ìjì fa àgọ́ ńlá ajíhìnrere ará Jámánì, Reinhard Bonnke, ya ní Cape Town, àgọ́ tí wọ́n ṣe fún 34,000 ènìyàn, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ṣe ìpàdé náà. Kánópì onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi háyà, tí wọ́n gbé lélẹ̀ láìní èèkàn, ńkọ́? Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ so àpò yanrìn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ aṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Máìkì tó ń bá ẹ̀rọ wá á sún yín dé ibi kan. Shure SM58 ni ọ̀pọ̀ máa ń rà rọ́pò rẹ̀, kò fẹ́ bátìrì, ó sì lè jábọ́ lulẹ̀ kó má kú. Ayédèrú rẹ̀ ló kún ọjà. Ojúlówó rẹ̀ wọ̀n tó gíráàmù 298 láìka wáyà mọ́ ọn. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ fi fóòmù bò ó lórí nítorí afẹ́fẹ́, kí ẹnu sì jìnnà sí i níwọ̀n ìka mẹ́ta. Ìgbà tí ògbufọ̀ bá wà, máìkì méjì ni, ẹnu méjì sì gbọ́dọ̀ wà lára áńpílífáyà. Gbígbé máìkì kan lọ-bọ̀ ń jẹ àkókò, ó sì ń ba wáyà jẹ́ nídìí.

Ní ti sípíkà onítáyà: ẹ má jẹ́ kí "5000W" tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Ẹ wo fíúsì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 5A lórí bátìrì 12V, 60W ni gbogbo ohun tó lè fà, áńpílífáyà inú rẹ̀ kò sì lè fúnni ju ohun tó gbà lọ. Bátìrì inú rẹ̀ kì í sábà ju 7Ah lọ. Fún ìwàásù àárọ̀ kùtù ní oríta, níbi tí ogójì ènìyàn bá dúró, ó dára, ó sì rọrùn gbé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ háyà wúlò ní ìlú, lórí pápá tí mọ́tò lè wọ̀, níbi tí èrò bá ti lé ní ẹgbẹ̀rún tí ẹ sì fẹ́ orin tó dùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló ń ra epo, ta ló ń gbé tápólì tí wọ́n á fi bo sípíkà wá, àti ohun tí ẹ ó san bí òjò bá dá ètò dúró. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ní ìsọ̀, kí ẹ tó sanwó: ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tan áńpílífáyà náà níwájú yín, kì í ṣe iná ilé, torí apá bátìrì ni wọ́n sábà máa ń ṣe jákujàku. Ẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ooru tí ọwọ́ lè gbà kò burú. Ẹ yọ yúníìtì kan kúrò lára họ́ọ̀nù, kí ẹ wò bóyá awọ inú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ní i lọ́tọ̀. Bí wọn kò bá ní i, ìsọ̀ kejì wà nítòsí. Bí wọ́n bá ní i, ẹ ra méjì, pẹ̀lú fíúsì 10A márùn-ún.